Lẹ́ńsì kan ló fẹ́ ba kíláàsì mi jẹ́

Iye owó kọ́ńdẹ́ńsà dark-field, ẹ̀yà máíkírósíkóòpù tó ń darí iná sí ohun tí a fẹ́ wò, ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi, òun náà ni mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Kò sẹ́ni tó sọ pé lẹ́ńsì tí yóò bá a ṣiṣẹ́ ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti báyọ́lọ́jì tí mò ń kọ́ ti há nanomedicine sórí dáadáa: èérún tín-ín-tín tó ń gbé oògùn kiri inú ara, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bí 100 nànómítà lọ (nànómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà). Ṣùgbọ́n bi wọ́n bí ó ti kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, gbogbo wọn á dákẹ́. Mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí i: èérún wúrà, 80 nànómítà, nínú omi. Dark-field kì í jẹ́ kí iná wọlé tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tanná sí i, ìwọ̀nba èyí tí èérún bá tú ká ló ń wọnú lẹ́ńsì, èérún náà á wá máa tàn bí ìràwọ̀. Ibi tó wà lẹ máa rí o, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó.

Pípo omi wúrà àti fífọ sláìdì kò nílò àlàyé. Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo kán òróró sórí kọ́ńdẹ́ńsà, tí mo gbé e sókè kan ìdí sláìdì, tí mo yí lẹ́ńsì 100x (tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 100) sí i. Ibi tó yẹ kó ṣókùnkùn biribiri ń tàn yòò.

A nu òróró, a tún un kán. A wá ìhó tó lè há sínú rẹ̀. A dín iná kù: ohun gbogbo kàn ṣú díẹ̀ ni, èérún kankan ò yọjú. Àwọn ọmọ ti ń yọ́ fóònù wò. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tajà, ó ní òróró wa ni kò dáa. A ra òmíràn, owó tún lọ, ó ṣì ń tàn yòò.

Ara lẹ́ńsì ni àṣírí wà. Wọ́n kọ 1.25 sí i, ìyẹn NA rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó láti gba ìmọ́lẹ̀. Ti kọ́ńdẹ́ńsà jẹ́ 1.2 sí 1.4: láti 1.2 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àárín ṣófo. Lẹ́ńsì tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ ju àlàfo yẹn lọ á gba iná tààrà wọlé. Èyí tó ní áírísì, tí èèyàn lè fún ẹnu rẹ̀ kù, ló yẹ. Ẹni tó tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán ló ti fi iye owó rẹ̀ ránṣẹ́!

Mi ò dúró dè é. Mo yí 40x sí i, NA rẹ̀ jẹ́ 0.65. Òkùnkùn bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú ìgò di àmì wínníwínní aláwọ̀ ewé tó ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ariwo ta. Mo kán omi iyọ̀ sétí sláìdì, àwọn èérún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, àwọ̀ wọn ń yí sí pupa. Kò sẹ́ni tó tún bi mí ìdí tí wọ́n fi ń fi PEG, èròjà tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, bo èérún oògùn kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀ tó níyọ̀. Kí páwápọ́íǹtì ṣe ìyẹn!

Tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ ní kí wọ́n kọ NA kọ́ńdẹ́ńsà àti ti lẹ́ńsì sílẹ̀ fún yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ti lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ kéré ju nọ́ńbà àkọ́kọ́ ara kọ́ńdẹ́ńsà. Ẹ fi 40x bẹ̀rẹ̀. A padà ra lẹ́ńsì aláírísì náà, ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú páálí rẹ̀ ló ń wà jù.