Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Sọ Ọmọkùnrin Yín Lórúkọ

Bí oyún bá ti pé oṣù méje ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sínú rẹ̀. Tíṣà ni mí ní Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni rẹ́jísítà kíláàsì kìíní fi wà lọ́wọ́ mi, orúkọ ọmọ ni mo sì fi ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ láràárọ̀. Ní báyìí, bí aboyún bá ti wà nínú ẹbí wa, wọ́n á pè mí: "Màámi, ẹ bá wa wá orúkọ o." Ohun tí mo máa ń wí náà ni pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tó dùn lẹ́nu kún inú fóònù, ẹ lè wò wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé ná.

Ilé bàbá ọmọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí iṣẹ́ ìjọba tó dé, àti ohun tí wọ́n ń bọ. Ilé ọlọ́dẹ ló ni Ọdẹ́wálé. Ilé alágbẹ̀dẹ ló ni Ògúnwálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́dẹ náà ń jẹ́ Ògún. Ilé onílù ló ni Àyánwálé, ilé eégún ló ni Ọ̀jẹ́wálé, ilé oníṣàngó ló ni Ṣàngówálé. Akínwálé ń jáde nílé jagunjagun, Oyèwálé nílé olóyè, Adéwálé nílé ọba. Ilé awo ń fi Ifá, Fá tàbí Awo bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i nínú orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀? Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ ó bá Ṣó pàdé gan-an, irú èyí tó wà nínú Ṣówándé àti Ṣóyínká. Ìròyìn kan náà ni gbogbo àwọn "wálé" wọ̀nyí ń sọ. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ilé tí ìròyìn náà ti jáde. Ní títì, Wálé ni wọ́n á máa pe gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí onílù tàbí oníjàálá bá fẹ́ kì wọ́n, orúkọ kíkún ni yóò béèrè.

Ilé onílù ni wọ́n ti bí mi, ilé ọlọ́dẹ ni mo lọ́kọ sí. Ọdẹ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ọmọkùnrin mi. Nígbà tí àkọ́bí mi bí ọkùnrin sí London, ó pè mí pé òun fẹ́ fi Adé bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ náà nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń fi sọ ọmọ. Mo bi í pé, "Adé ta ni?" Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó lọ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Odidi ìrọ̀lẹ́ ni bàbá yẹn fi ka àwọn baba ńlá wọn fún un, títí dé ẹni tó kọ́kọ́ kó wá sí àdúgbò náà. Ọdẹ́yẹmí ni ọmọ ń jẹ́ lónìí, Tòkunbọ̀ sì tẹ̀ lé e nítorí ibi tí wọ́n bí i sí. Mo mọ̀ pé Adé ti di tẹrú-tọmọ báyìí, n kò sì ní bá ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ jà. Ṣùgbọ́n bí ilé yín bá ní tirẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi tilé onílé ṣe?

Ẹ bi ilé ìyá ọmọ náà. Bàbá ìyá rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ kan, ìyá ìyá rẹ̀ náà ní. Ẹ gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n ti ń sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá mọ ìdí tí bàbá àgbà fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọmọ bá dé, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ òde òní kì í béèrè ohun kan ju bí ọmọ ṣe wọ̀n lórí ìwọ̀n lọ. Ẹ béèrè bó ṣe wáyé, nítorí pé orúkọ mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó yàn án, ọmọ ló mú un bọ̀ látọ̀run. Bó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni. Bó bá dojú bolẹ̀, Àjàyí ni. Bí ìwọ́ bá kọ́ ọ lọ́rùn, Òjó ni lọ́kùnrin. Èyí tó wáyé nínú àpò ni à ń pè ní Òkè. Bí ìyá rẹ̀ kò bá rí nǹkan oṣù láti ìgbà tó ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi lóyún tirẹ̀, Ìlọ̀rí ni. Èyí tó bá ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi. Ẹ wo irun rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ta kókó látinú wá, Dàda ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án láìbi àwọn àgbà. Tí ìbejì bá ti ṣáájú rẹ̀, Ìdòwú ti di tirẹ̀, èyí tó bá tẹ̀ lé Ìdòwú á jẹ́ Àlàbá. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e, ẹ bi dókítà bó ṣe kọjú nínú ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ tó ti kẹ́sẹ̀ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó là á jáde, Ìgè ni.

Ó dùn mí pé àwọn òbí ń sá fún àwọn orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n á ní Òjó ti gbó, pé Àjàyí dà bí orúkọ ará oko. Ẹ̀yin èèyàn mi, Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní 1825 tí wọ́n sì fún ní Samuel Crowther, kò jẹ́ kí Àjàyí bọ́ sọnù. Ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Àjàyí ṣì ni. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fẹ́ fi í ṣe orúkọ àpèjẹ́, ẹ kọ ọ́ sáàárín orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi dù ú.

Orúkọ àbísọ ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ yín ti gbòòrò. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé láàárín oyún sí ìbí? Ṣé ìjà ẹbí ni, tí ẹ sì borí? Olúṣẹ́gun wà níbẹ̀. Àwọn àgbà tó jà tí wọ́n fi bímọ kò fi í bò, Fìjàbí ni wọ́n sọ tiwọn. Ṣé àsìkò ayọ̀ ni? Adébáyọ̀, tàbí kí ẹ fi ti ilé yín dípò Adé. Ṣé ọjọ́ ọdún ni? Abíọ́dún. Ṣé ọ̀nà ọsibítù ni ìyá rẹ̀ bí i sí, nínú mọ́tò? Abíọ́nà, ẹ má sì tijú. Ṣé ẹ̀yìn ọ̀fọ̀ ló dé? Rẹ̀mílẹ́kún tù mí nínú ju gbogbo orúkọ lọ. Ẹni tí ọmọ ti ń kú mọ́ lọ́wọ́ ló ń sọ Rótìmí, Dúrójayé, Málọmọ́ tàbí Bánjókò. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ sọ ọmọ náà ní Rótìmí bó bá wù yín, kí ẹ sì lọ yẹ jínótáìpù yín àti tirẹ̀ wò, nítorí pé fòníkú-fọ̀ladìde ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú láyé àtijọ́.

Babátúndé ní àsìkò tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó wáyé lẹ́yìn tí bàbá àgbà ti kú ló ni í, òun àti Babájídé àti Babáwándé. Bí bàbá àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ẹ sì bi opó rẹ̀ kí ẹ tó pe orúkọ náà síta, nítorí pé òun ni yóò máa wo ojú ọmọ yẹn lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ mi kò fẹnu kan orúkọ Babátúndé tiwa rí. "Bàbá" ló ń pè é, nígbà mìíràn "ọkọ mi," ó sì máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bó bá ń gbé oúnjẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ń dá ilé rú lórí èyí. Ìjọ ni mo ń lọ, mo sì rí àwọn tó yọ Ògún àti Ifá kúrò, tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò. N kò bá wọn wíjọ́. Ṣùgbọ́n Ògún inú orúkọ bàbá mi àgbà kò ní kí n má gbàdúrà. Àlùfáà Ìtẹ̀bọmi kan wà tí wọ́n sọ ní David Brown Vincent. Ní 1894 ó kó gbogbo rẹ̀ tì, ó ní Mọjọlá Agbebi ni òun, kò sì fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Àwọn ìdílé mùsùlùmí náà mọ̀ ọ́n ṣe: ààfáà á pe orúkọ tirẹ̀ lọ́jọ́ àkíkà, ẹnu wa á sì sọ ọ́ di Lámídì, Lásísì tàbí Bùràímọ̀, orúkọ ilé á tẹ̀ lé e. Ẹ gba méjèèjì.

Ìyá àgbà ni kí ẹ fi oríkì sílẹ̀ fún. Àjàní, Àkànní, Àyìndé, Àlàó, Àkàndé, Àlàmú, Àdìgún, Ìṣọ̀lá: èyí tí kò bá tíì sí nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kó mú. Oríkì ni ẹ ó fi máa jí i láàárọ̀, òun náà lẹ ó fi bẹ̀ ẹ́ bó bá ń bínú. Mo fẹ́ kó wọ ìwé ìbí pẹ̀lú, nítorí pé mo ti rí ọmọ ogún ọdún tí kò mọ oríkì ara rẹ̀.

Kí ẹ tó fẹnu kò, ẹ dán orúkọ náà wò. Ẹ dúró ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ ké e sókè bí ẹni pé ọmọ ti ṣeré dé ilé kẹta. Ẹ gé e kúrú kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹ́kù: Adékúnlé àti Ọlákúnlé nínú ilé kan, Kúnlé méjì ni. Nínú rẹ́jísítà mi, àwọn tí Olúwa bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn pọ̀ débi pé orúkọ bàbá ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ wa ni tọkùnrin-tobìnrin ń jẹ́, Ayọ̀délé àti Olúwaṣeun pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ẹ wá a lábẹ́ Akin, Ọdẹ tàbí Babá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má tìtorí ahọ́n òyìnbó gé gb kúrò. Ẹ kọ́ tíṣà ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan, yóò pè é.

Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọ ọ́ báyìí. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin. Obì, orógbó, atare, iyọ̀, oyin, ìrèké, omi tútù, àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣàdúrà. Kí wọ́n fi oyin kan ẹnu ìyá àti àwọn ará ilé, kó má dé ẹnu ọmọ, nítorí pé oyin lè kó àrùn burúkú bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bàbá bàbá ọmọ tàbí ẹni tó dúró fún un ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ, bàbá ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹbí àti ará á máa sọ owó sínú abọ́ omi, tí oníkálukú á máa pe tirẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó ti abọ́ náà pẹ̀lú ìwé kékeré yẹn, kó kọ orúkọ àti ẹni tó sọ ọ́. Orúkọ lè pọ̀ débi tí ọwọ́ á fi máa ro akọ̀wé, kó kọ gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n mú lọ sí NPC, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìbí: orúkọ tí ẹ ó máa pè é, èyí tó mú bọ̀ látọ̀run tàbí oríkì rẹ̀, àti èyí tí ilé ìyá rẹ̀ fún un.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà ńlá kí ẹ tó lọ, kí ẹ má kàn fi ẹnu pè é fún akọ̀wé ibẹ̀. Àmì kì í sábàá wọ inú kọ̀ǹpútà wọn, nítorí náà ẹ ti pinnu nílé bóyá S ni tàbí SH ni ẹ ó fi kọ Ṣ, bí ẹ sì ṣe kọ ọ́ lórí káàdì ọsibítù ni kó wà lórí ìwé ìbí àti páásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn náà á lọ búra ní kóòtù, á sì san owó kí ìwé ìròyìn tó gbé e jáde. Ẹ ka ìwé náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dìde níwájú tábìlì akọ̀wé.