Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Kó Ọmọ Lọ Kánádà Láti Abuja, Ẹ Jẹ́ Kí Kóòṣì Họ́kì Ṣiṣẹ́ Ẹ̀

Ẹ ti gba físà, ẹ ti ta mọ́tò, ó ku kẹ́ ẹ wọ bàlúù ní Nnamdi Azikiwe. Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́mọ yín á ti skúùlù dé, á ní họ́kì orí yìnyín lòun fẹ́ gbá. Ẹ má bẹ̀rù. Jarome Iginla tó ṣe kápútẹ́nì tíìmù họ́kì Calgary Flames láti 2003 sí 2013, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, Yorùbá wa.

Ìforúkọsílẹ̀ ò le, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò yín ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sanwó, ẹ ra irinṣẹ́ tòkunbọ̀ torí tuntun wọ́n gan-an, tówó ò bá ká a ẹ kọ̀wé sí KidSport tàbí Jumpstart, àwọn àjọ tó ń bá òbí sanwó eré ìdárayá ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ní kí òbí kan ṣe kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Respect in Sport, tó ń kọ́ òbí níwà tó yẹ nídìí eré, kọ́mọ tó gbá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí àwọn èèyàn wa á kàn máa tẹ bọ́tìnì lọ títí ó fi parí, wọn ò ní ka nǹkan kan.

Mo gbé Calgary kí n tó padà sí Gwarinpa, mo sì rí nǹkan tójú ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Kubwa wá rí. U11 lọmọ ẹ̀ wà, ìyẹn ìpele àwọn tí ò tíì pé ọdún mọ́kànlá, níbi tí òfin ò ti gbà kọ́mọ fi ara kọ lu ẹlòmíì. Ọ̀gbẹ́ni dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó ń pariwo "Gbé e ṣánlẹ̀!" bí ẹni tó wà ní Old Parade Ground. Kóòṣì ní kọ́mọ dúró sẹ́yìn, bàbá ní kó lọ síwájú. Ọmọ wo bẹ́ǹṣì, ó wo bàbá ẹ̀, ó gbọ́ ti bàbá, ló bá gbá ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ mọ́ ògiri. Rẹfirí fọn fèrè. Ọ̀rẹ́ mi ń fọwọ́ lu gíláàsì gbàgà-gbàgà, ó ń bú rẹfirí, rẹfirí tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ! Wọ́n mú un jáde. Lẹ́tà tẹ̀ lé e: kò gbọ̀dọ̀ dé àríná mọ́ títí sáà ìdíje á fi parí. Ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sẹ́ni tó máa wa ọmọ lọ láàárọ̀ kùtù Sátidé, lọ́mọ bá jókòó sílé. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà o.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀? Kóòṣì ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé, ibi tó máa dúró, àti ìyà tó tọ́ sọ́mọ tó bá ń jà. Tiyín ni kẹ́ ẹ gbé e débẹ̀ lásìkò, kẹ́ ẹ bá a so okùn bàtà, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́. Tínú bá ń bí yín, ọ̀pọ̀ tíìmù ní kí wákàtí 24 kọjá ná, kẹ́ ẹ wá gba ọwọ́ mánéjà. Ẹ má sì lọ sọ pé "ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́ l'Abuja?" Wọn ò mọ̀ yín rí!

Àmọ́ ẹ má di mùmù. Kóòṣì tó bá bú ọmọ yín nítorí àwọ̀, tàbí tó ń dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, tìyẹn ò ní wákàtí 24 nínú. Àgbàlagbà méjì tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni Hockey Canada, àjọ tó ń darí họ́kì ní Kánádà, ní kó máa wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá náà, mo rí yín. Ẹ má fọ́ ọmọ létí nídìí mọ́tò torí wọ́n na tíìmù ẹ̀. Kóòṣì tó bá fura pé wọ́n ń lu ọmọ nílùkulù, òfin ní kó fẹjọ́ sùn, àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé á sì wá kanlẹ̀kùn yín.