Káàdì ló ń pín pọ́ọ̀tì, kì í ṣe wáyà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọkùnrin kan ní Otigba, ní Computer Village. Ó ká wáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń so pọ́ọ̀tì kan mọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin, ó ń wá ẹni tó máa rà á padà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ wo fídíò kan, ẹ wá ń ra irú wáyà yìí, ẹ rò pé òun ló máa pín pọ́ọ̀tì sáfà yín sí mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fún suwíìṣì 100G, àpótí tó ń so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ (100G ni gígábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan): ó wọ́n, fáànù rẹ̀ ń hó, ó sì ń mu iná ínfátà tọ̀sán tòru. Kí pọ́ọ̀tì sáfà kan bọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe, mo ti ṣe é ní Yaba. Àmọ́ ẹ má ṣe é báyìí.

1. Ẹ má ra wáyà láìwádìí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú sáfà yín, èyí tó ni pọ́ọ̀tì. Ọ̀nà 25G mẹ́rin ló wà nínú pọ́ọ̀tì 100G. Ti 40G jẹ́ 10G mẹ́rin. Wáyà kàn ya àwọn ọ̀nà náà sọ́tọ̀ ni. Káàdì ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé pọ́ọ̀tì di mẹ́rin, ọ̀pọ̀ káàdì sáfà ni kò sì lè ṣe é. Suwíìṣì ni wọ́n ki wáyà bọ̀ nínú fídíò tẹ́ ẹ wò yẹn!

Ó ti ṣe mí rí. Mo ki ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ ẹ̀rọ mẹ́rin, iná kékeré kan ṣoṣo ló tàn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń pààrọ̀ dráífà, ètò tó ń darí káàdì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo yọ ẹnu tí wọ́n kọ 1 sí, mo kì í bọ ẹ̀rọ kejì: iná tàn. Mo gbé e dé ẹ̀kẹta: iná tàn. Ẹnu 2, 3 àti 4 kò tàn níbì kankan. Ọ̀nà àkọ́kọ́ nìkan ni káàdì yẹn ń lò. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ fi dráífà sílẹ̀.

Káàdì tó ń pín wà. Intel XL710 ń pín 40G sí 10G mẹ́rin. E810 ń pín 100G sí 25G mẹ́rin. Àwọn náà kì í dédé pín: ètò Intel tó ń jẹ́ QCU lẹ máa fi yí XL710 padà, EPCT ni ti E810, kẹ́ ẹ wá pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tún un tàn. E810-CQDA2 ní pọ́ọ̀tì méjì, ṣùgbọ́n 100G ni àpapọ̀ rẹ̀.

2. Ẹ má ki káàdì 100G bọ PCIe 3.0 x8, ihò tí káàdì ń wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kò lè gbé ju nǹkan bí 63G lọ.

3. Ẹ má fi subnet (ọ̀wọ́ àdírẹ́sì IP) kan náà sórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní /30 tirẹ̀, subnet kékeré tó gba ẹ̀rọ méjì péré. Bí àwọn ẹ̀rọ bá gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ fi /30 sílẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bridge sórí sáfà àárín, kí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. CPU rẹ̀ ló máa ru ẹrù náà. Bí NEPA bá múná lọ, tí sáfà yẹn kú, kò sí ẹ̀rọ tó máa rí ìkejì rẹ̀ mọ́, nítorí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sórí ínfátà.

FEC, ètò tó ń tún àṣìṣe ṣe lórí wáyà, náà ń kọ́? Lórí 25G, tìhín-tọ̀hún gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná lè má tàn rárá. MTU, ìwọ̀n tó pọ̀ jù fún ìdì dátà kan, náà gbọ́dọ̀ bára mu.

Mo béèrè orúkọ káàdì lọ́wọ́ ọmọ Otigba yẹn. XL710 ni! Kò tíì yí i padà ni. Mo ní kó ká wáyà rẹ̀ relé, Sátidé ni mò ń lọ bá a.