Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ ń fi owó ṣòfò lórí ẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ẹnì kan gba ₦15,000 lọ́wọ́ òun láti fi LibreOffice, sọ́fúwíà ìwé kíkọ bíi Microsoft Office, sí i. Owó iṣẹ́ ò burú, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún un pé owó láísẹ́ǹsì ọdún kan ni, pé yóò tún san án tọ́dún bá yípo. LibreOffice tí wọ́n ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2010! Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi.

Èkíní: ẹ gbà á ní libreoffice.org fúnra yín. Kò gba 500MB dátà. Ẹ má kàn tẹ ohun àkọ́kọ́ tí Google bá gbé síwájú yín. Ìpolówó lòmíràn, fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú ẹ̀.

Ìkejì: ẹ fi OpenOffice, ẹ̀gbọ́n LibreOffice, sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ti kó lọ sí LibreOffice tipẹ́.

Ìkẹta: crack, ìyẹn sọ́fúwíà olówó tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kí wọ́n lè lò ó láìsanwó, kì í ṣe sọ́fúwíà ọ̀fẹ́. Olè jíjà ni.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Nígbà kan, mo fi LibreOffice ṣe ìwé ètò ìsìnkú fún ìdílé kan, ojú ewé mẹ́jọ géérégé. Mo fi .docx (fáìlì Word) ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé lálẹ́, mo sì sùn fọnfọn. Kí n tó débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé ti di mẹ́sàn-án, orin ìdágbére ti gun orí fọ́tò màmá, àmì orí orúkọ wọn ti di àpótí kéékèèké. Ojú tí àkọ́bí olóògbé fi wò mí, àfi bíi pé èmi ni mo pa màmá ẹ̀. Àpò mi ni owó bébà tó bàjẹ́ ti jáde.

LibreOffice kọ́ ló jẹ̀bi, èmi ni. Fọ́ńtì (irú ìrísí lẹ́tà) tí mo lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, ló bá mú òmíràn rọ́pò. Lẹ́tà tó fẹ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ ló ń ti ìlà sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tó bá ti parí, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ó máa ń gbé fọ́ńtì ẹ̀ dání. Tí ẹlòmíràn bá ṣì máa tún un ṣe, ẹ fi .docx ránṣẹ́, kẹ́ ẹ lo Liberation Serif dípò Times New Roman, Carlito dípò Calibri. Fífẹ̀ lẹ́tà wọn dọ́gba, ìlà kì í sábà yẹ̀. Fún Yorùbá alámì, Charis SIL tàbí Gentium ni kẹ́ ẹ lò. Àwọn fọ́ńtì kan ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí lẹ́tà ẹ tó ti ní àmì nísàlẹ̀.

Ẹni tó ń bú GIMP, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, pé kò jọ Photoshop dà bí ẹni tó ra àmàlà tó ń wá iyán nínú ẹ̀. Save máa fún yín ní .xcf, fáìlì GIMP fúnra ẹ̀, Export ló ń fún yín ní JPEG. Ẹ yéé sọ pé ó ti jẹ iṣẹ́ yín.

Linux, tó lè rọ́pò Windows, ńkọ́? (Ìkarùn-ún rèé àbí ìkẹfà? Mo ti ṣì í kà.) Ẹ má nu Windows dànù lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó wọlé. Linux Mint, ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux, máa ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bẹ́ẹ̀, bóyá Wi-Fi àti prínta yín á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà fáìlì yín síbòmíràn! Èmi ọ̀gá yìí, mo tẹ Erase disk bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, fọ́tò ìkómọjáde ọmọ mi kejì bá a lọ. Ìyàwó mi ṣì ń bi mí léèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ₦15,000 yẹn, mo yọ gbogbo pàǹtí tí wọ́n kó sí i kúrò, mo fi LibreOffice tòótọ́ sí i. Ó béèrè iye. Mo ní kó kàn ra dátà 1GB fún mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé màá tún rà á lọ́dún tó ń bọ̀?"