Oṣù Mẹ́wàá Lórí Igi Kan

Pọ́n-ùn 180 ni mo san sílẹ̀ fún agégi, ẹ̀ka kan ṣoṣo kò sì já bọ́.

Abúlé kékeré la wà ní Suffolk, ní England: ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan, gbọ̀ngàn ìpàdé kan. Igi sycamore kan wà lẹ́yìnkùlé mi, ewé rẹ̀ ló ń dí ọ̀pá omi òrùlé títí omi fi ń jò sí yàrá àwọn ọmọ ní Oṣù Kọkànlá. Mo pe agégi. Ó ń sọ ẹ̀rọ ayùn rẹ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá àgbàlagbà tó ń gbé òdìkejì jáde wá, ó ní ṣé mo ti fi tó káńsù létí. Àṣé àárín abúlé wa wà lára ibi tí wọ́n ń pè ní conservation area, ìyẹn àdúgbò tí òfin ń dáàbò bò kí ìrísí rẹ̀ má bàa bà jẹ́. Níbẹ̀, igi tí ìdábùú rẹ̀ bá ju mílímítà 75 lọ, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní mítà kan ààbọ̀ sókè ilẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú lèèyàn gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí kó tó gé e. Ilé ẹjọ́ ló kù fún ẹni tó bá gé e bẹ́ẹ̀. Agégi kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ tòun towó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni o! Ó yẹ kó béèrè kó tó gbowó.

Káńsù wo wá ni? Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé káńsù abúlé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń pàdé, ti Oṣù Kejìlá sì ti kọjá. Nígbà tí mo máa rí àkójọ ọ̀rọ̀ ìpàdé Oṣù Kíní lára pátákó ìkéde, ọ̀rọ̀ mi ló kẹ́yìn. Mo jókòó nínú òtútù gbọ̀ngàn náà, wọ́n sọ̀rọ̀ kòtò ojú ọ̀nà, wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ajá, wọ́n sọ̀rọ̀ òrùlé ibùdókọ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù kó tó kàn mí. Wọ́n ní àwọn ò lòdì sí i, àmọ́ àwọn kọ́ ló ń gba ìwé ìfitónilétí nípa igi, káńsù àgbègbè ni. Ọ̀sẹ̀ méje ti lọ! Gbólóhùn kan péré nínú lẹ́tà ì bá ti sọ ìyẹn fún mi.

Fọ́ọ̀mù káńsù àgbègbè ò le rárá, ọ̀fẹ́ sì ni. Èmi fúnra mi ni mo ya àwòrán ibi tí igi náà wà, mi ò sanwó fún aṣojú kankan, wọn ò sì dá a padà. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, wọ́n ní kí n máa gé e lọ.

Agégi mìíràn dé, ó gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kíá. Ẹyẹ dúdú kan tí àgógó ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú abo rẹ̀. Òfin ọdún 1981 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́. Ká ní mo ti kọ̀wé síbi tó yẹ ní Oṣù Kọkànlá ni, igi náà ì bá ti lulẹ̀ kí ẹyẹ tó dé.

Ìwé ìfitónilétí náà ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 2, nítorí náà mi ò kọ òmíràn. Oṣù Kẹsàn-án la tó gé e, iye owó sì ti gòkè láti pọ́n-ùn 650 sí 790. Ẹni tó bá ní igi lọ́gbà, kó lọ wo máàpù káńsù àgbègbè rẹ̀ kó tó pe agégi, kó sì kọ̀wé nígbà tí ewé bá ń wọ́. Bàbá òdìkejì ló kó àwọn ìtì náà, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ.