Bí Mo Ṣe Kó WhatsApp Mi Kúrò Lórí Android Lọ Sórí iPhone

Ọmọ Android ni mí. Bí ẹnikẹ́ni bá bú u lójú mi, mo máa ń gbèjà rẹ̀ ni. Ohun tó mú ọkàn mi ṣe méjì ni pé wọn ò fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí fóònù mi mọ́, bẹ́ẹ̀ iPhone XR tó jáde ní 2018 ṣì gba àtúnṣe iOS 18 ní 2024. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, orí fóònù lowó mi sì ń gbà wọlé. Mi ò lè máa lo èyí tí ẹni tó ṣe é ti pa tì.

Ẹwà iPhone kọ́ ni mo wò. Àwòrán aṣọ, iye ọ̀pá tí oníbàárà ń fẹ́, àdírẹ́sì tí mò ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí, orí WhatsApp ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ìyẹn ò bá ní bá mi lọ, mi ò lọ síbì kankan.

Ó ṣeé kó, láti 2022 ni WhatsApp ti fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n iPhone ò lè ṣí ẹ̀dà WhatsApp tí Android tọ́jú sórí Google Drive o. Áàpù Apple tó ń jẹ́ Move to iOS ni wọ́n fi ń kó o, ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to iPhone ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ti ń lo tiẹ̀ lọ ní láti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀.

Ní Pánsẹ́kẹ́ tí mo ti rà á, ojú ihò síìmù ni mo kọ́kọ́ wò. Láti orí iPhone 14, àwọn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ò ní ihò síìmù rárá, síìmù méjì lèmi sì ń lò. Mo mú iPhone 15 tó ní ihò, mo wá sọ síìmù kejì di eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ní káàdì tí èèyàn ń kì bọ fóònù. Ṣájà USB-C tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ wọ̀ ọ́, bí iná ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa yìí, ìyẹn ò kéré. A so ó mọ́ Wi-Fi ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ láti rí i pé kò béèrè páswọ́ọ̀dù ẹni tó ti lò ó rí. Kò béèrè. Mo ní kí wọ́n má bá mi tò ó kọjá ibẹ̀.

Alẹ́ ni mo kó o, nígbà tí oníbàárà ò ní pè. Mo ki fóònù méjèèjì bọ iná, mo pa dátà Android. Mo yan ọ̀nà Android lórí iPhone, ó gbé kóòdù wá, mo tẹ kóòdù náà sínú Move to iOS, mo sì mú WhatsApp nínú ohun tó tò síwájú mi. Ibi tó gba sùúrù nìyí. WhatsApp kọ́kọ́ di ẹrù rẹ̀, ó sì jáde lórí Android. Nígbà tó yá, Android ní òun ti parí. Ẹ má gbà á gbọ́! Ìlà tó wà lójú iPhone ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀, òun lẹ ó dúró dè kó kún tán, kẹ́ ẹ má sì kúrò nínú Move to iOS lórí Android títí tó fi máa kún.

Lẹ́yìn náà ni mo gba WhatsApp sórí iPhone, mo fi nọ́ńbà mi kan náà wọlé. Ohùn ìyá aláró kan ní Kẹ́mta ni mo kọ́kọ́ wá, èyí tó ti ṣàlàyé iye ìgbà tó ń ri aṣọ bọ aró kó tó dú bí mo ṣe fẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀. Inú mi dùn gan-an. Àkọsílẹ̀ ìpè ò bá mi wá o.

Mò ń ṣàárò Android, kí n má purọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò lè fi áàpù ṣọwọ́ sí mi láti fóònù tirẹ̀ mọ́. Lórí Android, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo ti lè fa ojú fóònù láti padà sẹ́yìn, apá òsì nìkan ló kù báyìí, èyí sì ń ká mi lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Mi ò pa ohun tó wà lórí Android rẹ́ títí mo fi yẹ gbogbo oníbàárà wò. Ìgbà náà ni mo yọ àkáǹtì Google mi kúrò kí n tó pa á rẹ́, kó má baà máa béèrè páswọ́ọ̀dù mi lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọwọ́ àbúrò mi ni fóònù náà wà báyìí, òun ló fi ń ya àwòrán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.