Ẹ Má Fi Ìjókòó Tọ́jú Màmá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Eré Ìdárayá Àwọn Àgbà Tó Ń Gbàgbé

Nígbà tí dókítà sọ fún wa pé ìgbàgbé màmá mi ti kọjá ti ọjọ́ orí, àmọ́ pé kò tíì di arán, ohun tí àwa ọmọ kọ́kọ́ ṣe ni pé a gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbálẹ̀, ọlọ́kadà ló ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 10 lọ, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. "Màmá, ẹ sinmi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é, òun náà sì ni àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn iwájú ilé mọ́ láì dúró mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ ọpọlọ. Ìrìn tó yá ń mú kí ọkàn tú ẹ̀jẹ̀ síta dáadáa, ó sì ń bá wa mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wálẹ̀, àwọn méjì tó máa ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, American Academy of Neurology, gbà á nímọ̀ràn pé kí ẹni tí ìgbàgbé rẹ̀ bá wà ní irú ipò tí ti màmá mi wà yìí máa ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọn kò rí oògùn kankan tọ́ka sí nígbà náà.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni irú ìgbàgbé yìí. Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992, tí wọ́n fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis, fi hàn pé Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó sábà máa ń fa arán, kò pọ̀ ní Ìbàdàn tó ti ọ̀hún. Wọn ò sọ pé kò sí.

Ẹ má ka ìrìn gbẹ̀fẹ́ sí eré ìdárayá. Ẹni tó bá lè kọrin bó ṣe ń rìn, ìrìn rẹ̀ kò tíì yá tó. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀, ó ti sáré jù. Kó lè bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lè kọrin, ibẹ̀ ni ká wà. Ẹ má gbára lé aago tó ń ka ìlù ọkàn bí ẹni náà bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi atenolol, torí oògùn yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, aago á sì máa tàn yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló dára, àwọn ọmọ kan á sì fẹ́ rí i gbà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á fa bàbá rìn fún wákàtí kan ní Sátidé, orúnkún á wú, ó parí nìyẹn. Ìṣẹ́jú 10 ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹ má máa yí i padà torí pé ó ti sú ẹ̀yin. Màmá mi mọ ọ̀nà tiwa: láti ẹnu géètì dé ọ̀dọ̀ télọ̀, láti ọ̀dọ̀ télọ̀ dé ìdí máńgòrò, ká tó yà ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbẹ́ kòtò sójú títì, mo sì gba àdúgbò kejì láì sọ fún wọn. A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dúró, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ilé ta là ń lọ?" Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi gbà láti jáde mọ́. Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan, àkókò kan: aago 7 àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá lọ. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sára àkísà kékeré kan, mo rán an mọ́ inú àpò aṣọ wọn.

Ẹnu wa náà ń ṣèdíwọ́. "Ẹ wọ bàtà, ẹ mu omi, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yẹn": ó ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀kan tán kí èkejì tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá sì bi wọ́n pé "Ṣé ẹ máa rìn lónìí?", "Ó rẹ̀ mí" lẹ máa gbọ́. Wọn ò ya ọ̀lẹ o. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ máa ń pa ìtara èèyàn. "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ kí ìyá aláṣọ" ló máa ń gbé tèmi dìde.

Sílípáàsì ń gbé àgbà ṣubú. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí wọ́n wọ̀. Ẹni tó ń lo glibenclamide fún àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ jáde láì jẹun. Ẹ gbé omi dání, torí àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn míì á pa á tì lẹ́yìn oṣù méjì torí pé ìyá kò tíì rántí orúkọ ọmọ-ọmọ. Ohun tí à ń wá ni pé kí ìgbàgbé náà má tètè le sí i, ìyẹn sì ń gba oṣù púpọ̀. Màmá mi ṣì ń wá ibi tí wọ́n fi gèlè sí. Àmọ́ wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láì dúró. Bí òjò bá rọ̀, a máa ń gbé orin àpàlà sí i ní pálọ̀, a ó jó fún ìṣẹ́jú 20, wọn kì í sì í gbàgbé ibi tí ìlù ti máa ń yí padà.